Awò Ìfojúsí: Èwo Ni Ó Yẹ Awò Ìràwọ̀ Ńlá ní Èkó?

Ẹni tí ó bá ra awò ìràwọ̀ ńlá, tí ó sì gbé e dé ilé rẹ̀ ní Súrúlérè, yóò tètè kíyè sí ohun kan. Ọ̀pá awò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó àgbàlagbà, dígí tí ó wà ní ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó àwo tí ènìyàn mẹ́ta lè fi jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá ki ohun kékeré kan bọ ihò tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà, kò sí ìràwọ̀ kan tí yóò hàn dáadáa. Ohun kékeré yìí, tí òmíràn nínú wọn kò tóbi ju ìgò oògùn ojú lọ, ni à ń pè níhìn-ín ní awò ìfojúsí. Òun ni ojú ń súnmọ́. Òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn títí wọn yóò fi ná owó wọn tán lórí ọ̀pá àti dígí.

Àbájáde rẹ̀ kì í dára. Owó dọ́là ni a fi ń ra awò ìràwọ̀, òkèèrè ni ó ti ń bọ̀, owó ibodè sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣe gbogbo wàhálà yìí, tí ó wá fi awò ìfojúsí tí kò yẹ wo Sátọ́ọ̀nù ní alẹ́ àkọ́kọ́, tí ó rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ń gbọ̀n, tí kò ní orí tí kò ní ìdí, kì í pẹ́ tí yóò fi gbé awò náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Aṣọ ni wọn yóò máa fi kọ́ ọ láti ọjọ́ náà lọ.

Iṣẹ́ inú awò ìràwọ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Dígí ńlá ni í kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Bí òrùlé fífẹ̀ ṣe ń gba omi òjò ju òrùlé kékeré lọ, bẹ́ẹ̀ ni dígí fífẹ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀. Dígí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300 ń gba ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 150 ń gbà. Ìmọ́lẹ̀ tí a kó jọ náà yóò pàdé ní ojú kan, àwòrán ohun tí à ń wò yóò sì hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kékeré ni. Àwòrán òṣùpá níbẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ. Ti Júpítà kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ. Iṣẹ́ kejì ni ti awò ìfojúsí. Ẹni tí ń tún aago ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà Ojúẹlẹ́gbà máa ń há awò kékeré kan mọ́ ojú kí ó tó lè rí eyín inú aago. Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni awò ìfojúsí ń ṣe sí àwòrán kékeré tí dígí ti yà. Bí dígí bá kọ ìwé tí ó dára jù lọ láyé, tí awò tí a fi ń kà á kò bá dára, asán ni ìwé náà.

Nọ́ńbà kan wà tí ó ṣe kókó: ìjìnnà láti ara dígí ńlá dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé. Ẹ jẹ́ kí a mú awò ìràwọ̀ kan tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 300, tí ìjìnnà yìí sì jẹ́ mìlímítà 1500. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń wo ìràwọ̀ fún ìgbádùn ara wọn. Nọ́ńbà wà lára awò ìfojúsí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú: 25, 15, 10 tàbí 5. Bí a bá fi nọ́ńbà kékeré yìí pín 1500, ìdáhùn rẹ̀ ni iye ìlọ́po tí a ó fi rí nǹkan. Mìlímítà 25 yóò fúnni ní ìlọ́po 60, 15 yóò fúnni ní 100, 10 yóò fúnni ní 150, 5 yóò sì fúnni ní 300. Bí nọ́ńbà ara awò bá ti ń kéré sí i ni ohun tí à ń wò ń tóbi sí i. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń rò pé òdì rẹ̀ ni òtítọ́.

Ibi yìí ni àwọn ọlọ́jà ti ń rí ènìyàn mú. Wọn a kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé awò yìí ń sọ nǹkan di ìlọ́po 600. Wọn kò purọ́ pátápátá, nítorí òfin ìmọ́lẹ̀ gbà pé dígí mìlímítà 300 lè dé bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò kọ síbẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí dígí gbà kò pọ̀ sí i nítorí pé a sọ àwòrán di ńlá. Bọ́tà ṣíbí kan lè tó búrẹ́dì Àgége ẹyọ kan. Bí a bá fẹ́ fi pa búrẹ́dì mẹ́rin, yóò fẹ́lẹ́ títí a kò fi ní mọ̀ pé bọ́tà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán Sátọ́ọ̀nù ṣe ń ṣókùnkùn tí ó sì ń di bàìbàì bí ìlọ́po rẹ̀ bá ti pọ̀ jù.

Afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Òun kì í dúró jẹ́ẹ́, gbogbo ohun tí a bá sì sọ di ńlá, ìgbọ̀n rẹ̀ ni a sọ di ńlá pẹ̀lú. Ní Mùṣín, páànù orí ilé àti kọnkéré àgbàlá tí oòrùn ti yan láti àárọ̀ máa ń tu ooru sókè fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tí ó bá gbé awò rẹ̀ sórí òrùlé kọnkéré ní agogo méje ààbọ̀ alẹ́, tí ó sì fi ìlọ́po 300 wo Júpítà, ooru tí ń gòkè ni ó ń wò. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ògiri, jìnnìjìnnì rẹ̀ yóò gba inú ilẹ̀ wọ ẹsẹ̀ awò. Kí ilẹ̀ tó tutù, ìlọ́po 100 sí 150 ni ó tó. Lẹ́yìn náà, ìlọ́po 200 yóò ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ alẹ́ tí kò sí kùrukùru. Ìlọ́po 300 jẹ́ ti alẹ́ tí ó ṣọ̀wọ́n, kò sì yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ ná owó tí ó yẹ kí ó fi ra ohun tí yóò máa lò lójoojúmọ́.

Bí ìlọ́po tí ó pọ̀ jù ti ní ewu, èyí tí ó kéré jù náà ní tirẹ̀. Èyí kì í sábà hàn nínú ìwé tí a kọ fún àwọn tí ń gbé ìgbèríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, níbi tí òru ti ṣókùnkùn biribiri. Wọn a máa gba ènìyàn níyànjú pé kí ó kọ́kọ́ ra awò ìfojúsí mìlímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún awò ìràwọ̀ tí a mú ṣe àpẹẹrẹ yìí, ìtànṣán tí ń ti inú awò ìfojúsí jáde wá sí ojú fẹ̀ tó ìdá márùn-ún nọ́ńbà tí ó wà lára awò náà. Mìlímítà 30 yóò mú ìtànṣán tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 6 jáde. Ọmọlójú ni yóò gbà á wọlé. Ọmọlójú ọ̀dọ́ lè là dé mìlímítà 7 nínú òkùnkùn gidi, ti àgbà kì í là tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ti ẹnikẹ́ni kì í sì í là tó bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tí iná òpópónà, iná ṣọ́ọ̀bù àti iná ọkọ̀ ń tàn sí i. Bí ó bá là dé 5 péré, ìtànṣán tí ó kù yóò dà sí ẹ̀yìn ojú bí omi tí ó kún korobá jù. Ẹni náà ti sanwó dígí 300, ti 250 ni ó ń lò.

Èyí tí ó tún burú jù ni pé iná Èkó ń mú kí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ bọ́tà ti wá di àǹfààní. Ìràwọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé, láàárín àwọn ìlọ́po tí à ń sọ yìí, bí a ṣe wù kí a sọ ọ́ di ńlá tó, ojú àmì kan ṣoṣo ni í jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tàn kálẹ̀. Funfun ojú ọ̀run ni ó ń tàn kálẹ̀ tí ó sì ń fẹ́lẹ́. Nítorí náà, bí a bá kúrò ní ìlọ́po 60 bọ́ sí 100, ẹ̀yìn yóò dúdú sí i, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí ó ti sá pamọ́ sínú funfun yóò sì yọ jáde. Ẹni tí ó wà ní Ìtìrẹ́ tàbí Akọkà kò gbọdọ̀ fi owó rẹ̀ tí ó pọ̀ jù sí ìpẹ̀kun òkè tàbí ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀. Àárín ni kí ó fi í sí. Àwọn alẹ́ kan wà tí NEPA yóò mú iná lọ ní àdúgbò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀run yóò sì ṣókùnkùn bí ti abúlé. (Orúkọ NEPA kò tíì kúrò lẹ́nu ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pa á dà ní 2005, tí ìjọba sì fi pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013.) Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlọ́po 60 dùn púpọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ tó dún.

Ohun mìíràn tí ó yà Èkó sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan kì í dá wo awò ìràwọ̀ níbẹ̀. Kò sí bí ènìyàn yóò ṣe gbé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jáde sí àgbàlá kí àwọn ọmọ ilé, àwọn aládùúgbò àti ẹni tí ń kọjá lọ ra àkàrà má dúró láti bèèrè ohun tí ó jẹ́. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Dobson, tí a bí ní 1915 tí ó sì kú ní 2014, sọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1968, wọ́n ń gbé awò ìràwọ̀ sí etí títì kí ẹnikẹ́ni lè wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Páálí àti pákó ni ó fi ń ṣe awò rẹ̀, a sì máa ha dígí rẹ̀ láti ara gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ ojú omi. Àpótí onípákó tí ó gbé awò lé, èyí tí a ń fi ọwọ́ tì láìsí ẹ̀rọ kankan, ni ọ̀pọ̀ awò ìràwọ̀ ńlá olówó pọ́ọ́kú jókòó lé títí di òní.

Ọwọ́ tí a fi ń tì í yìí kan awò ìfojúsí gidigidi. Ayé ń yí, gbogbo ohun tí ó wà lójú ọ̀run sì dàbí ẹni pé ó ń rìn ní dígíríì 15 láàárín wákàtí kan. Awò ìfojúsí lásán, irú èyí tí à ń pè ní Plössl nítorí ọkùnrin ará Vienna tí ó ṣe é ní 1860, máa ń fi ojú ọ̀run hàn bí ẹni pé ènìyàn ń gba ihò tí ó fẹ̀ ní dígíríì 50 wò ó. Bí a bá lò ó ní ìlọ́po 300, Sátọ́ọ̀nù yóò wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì ti jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì kí ìṣẹ́jú àáyá 40 tó pé. Kí ọmọ ọdún mẹ́fà tó gun àpótí, kí ó tó di ojú kan, kí ìyá rẹ̀ tó sọ fún un pé kí ó má ṣe di ọ̀pá mú, Sátọ́ọ̀nù ti lọ. Ọmọ náà yóò ní òun rí i, nítorí kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Kò rí nǹkankan.

Ìdí nìyí tí fífẹ̀ ihò ìwòran fi ṣe pàtàkì ju ìlọ́po lọ fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ti awò. Al Nagler, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti bá wọn ṣe awò fún ẹ̀rọ tí àwọn arìnrìn-àjò Apollo fi kọ́ bí wọn yóò ṣe sọ̀ sórí òṣùpá, dá ilé iṣẹ́ Tele Vue sílẹ̀ ní 1977. Ní nǹkan bí 1980 ó gbé awò ìfojúsí kan jáde tí ihò ìwòran rẹ̀ fẹ̀ ní dígíríì 82. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó sọ pé ó dàbí ìgbà tí ènìyàn kúrò lójú ihò kọ́kọ́rọ́ tí ó wá bọ́ sójú fèrèsé. Owó rẹ̀ ga, ó sì tún ga títí di òní, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà àti Taiwan ti ń ṣe irú rẹ̀ ní iye tí ó rọjú. Ní ìlọ́po 100, òṣùpá àrànmọ́jú yóò kún ihò dígíríì 50 dẹ́nu. Nínú ti 82, àyè dúdú yóò yí i ká, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ohun tí ó bá wọlé tó jáde. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin lè wò ó láìjà.

Kí ẹni tí ń rà á kíyè sí etí àwòrán. Dígí ńlá tí ìjìnnà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún péré ìbú rẹ̀ máa ń ju ìtànṣán sí awò ìfojúsí láti ẹ̀gbẹ́ ní ìkanra, awò tí kò dára kò sì lè gbà á. Ìràwọ̀ tí ó wà láàárín yóò dá ṣáká, èyí tí ó wà létí yóò na apá bí ẹyẹ. Apá kan nínú àléébù yìí jẹ́ ti dígí fúnra rẹ̀, nítorí òun ni í mú kí ìràwọ̀ etí yọ ìrù bí ìràwọ̀ onírù. Kò sí awò ìfojúsí lásán tí ó lè wo ìyẹn sàn. Ṣùgbọ́n awò pọ́ọ́kú tí a kọ dígíríì 70 tàbí 80 sí lára, tí ó jẹ́ pé ìdajì àárín nìkan ni ó ṣeé wò, kò sàn ju Plössl rere lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí àwọn ará òkèèrè kì í bá pàdé. Èkó wà ní nǹkan bí dígíríì 6 ààbọ̀ péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nígbà tí Júpítà tàbí Sátọ́ọ̀nù bá dé gíga jù lọ rẹ̀, ìtòsí àtàrí ni í wà. Kì í sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí kùrukùru ti nípọn bí ó ṣe ń ṣe sí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n awò tí ó jókòó sórí àpótí Dobson kì í fẹ́ yí nígbà tí ó bá nàró ṣánṣán. Ńṣe ni ó dàbí ẹni pé ènìyàn ń gbìyànjú láti fi odó yí ara rẹ̀ po. Bí ihò ìwòran bá fẹ̀, a kò ní máa tì í nígbà gbogbo. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ dúró kí ohun tí ó ń wò rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn fún wákàtí kan.

Kí ni kí ènìyàn wá rà? Ọ̀pọ̀ awò ìràwọ̀ ni a máa ń kó Plössl mìlímítà 25 kan mọ́ nínú páálí. Kí a fi í sílẹ̀ fún wíwá nǹkan rí. Kò sí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní. Owó gidi ni kí a fi sí awò mìlímítà 15 tàbí èyí tí ó súnmọ́ ọn, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ láti dígíríì 68 lọ sókè. Òun ni yóò wà lẹ́nu awò ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò. Lẹ́yìn rẹ̀, kí a ra awò ìsọdiméjì, èyí tí à ń ki sí abẹ́ awò ìfojúsí kí ìlọ́po rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì: 25 yóò fúnni ní 120, 15 yóò sì fúnni ní 200. Ohun mẹ́ta ni, ìlọ́po mẹ́rin ni wọ́n fúnni: 60, 100, 120 àti 200. Àpótí oníhò mẹ́wàá tí wọ́n ń tà pẹ̀lú awò pọ́ọ́kú mẹ́wàá nínú rẹ̀ wu ojú, ṣùgbọ́n méje nínú wọn kò ní jáde nínú àpótí lẹ́yìn oṣù kejì.

Awò 15 yìí ni a ó fi wo àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Omega Centauri ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, bí òjò bá fún wa láyè. Ìràwọ̀ inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí i rárá, ṣùgbọ́n ní Súrúlérè ó máa ń gòkè tó dígíríì 36 ní apá gúúsù, lókè ibi tí iná èbúté Apápá ti ń tàn. Ní ìlọ́po 60 ó dàbí èéfín. Ní ìlọ́po 100 èéfín náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Òun náà ni ó dára fún Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá. Ní àwọn oṣù kan ajá náà a máa tẹ̀ bí òṣùpá tuntun, ohun tí ojú lásán kò lè fi hàn.

Àwọn tí ń lo gíláàsì ojú ní ìbéèrè tiwọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn tàbí ìtòsí nìkan ni wọn kì í ríran dáadáa, kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀, kí wọ́n yí ìdè awò títí àwòrán yóò fi dá ṣáká. Bí ojú bá ní àléébù tí ń mú kí ìlà wọ́, gíláàsì gbọ́dọ̀ wà lójú, awò ìfojúsí sì gbọ́dọ̀ gba ojú láyè láti jìnnà sí i tó mìlímítà 15 sí 20. Plössl mìlímítà 10 kì í fi àyè sílẹ̀ ju nǹkan bí 7 lọ. Irun ìpéǹpéjú á máa gbá a, òógùn á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹni tí ó ní bàbá àgbà nílé rántí èyí kí ó tó sanwó.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, tí ibẹ̀ ṣókùnkùn pátápátá ní Accra àti Lomé, tí ti Èkó sì jẹ́ apá kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wá ohun tí wọn yóò fi wò ó. Awò dúdú kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kó mọ́ awò pọ́ọ́kú, tí wọ́n ní kí a so mọ́ awò ìfojúsí láti fi wo oòrùn. Kí ẹni tí ó bá bá a nínú páálí rẹ̀ fọ́ ọ, kí ó sì dà á nù. Gbogbo ooru tí dígí ńlá kó jọ ń pàdé sí i lára, ó lè là sí méjì láìròtẹ́lẹ̀, ojú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní rí àyè ṣẹ́. Iwájú ọ̀pá, kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, ni a ti ń dí oòrùn, pẹ̀lú ohun tí a ṣe fún iṣẹ́ náà nìkan.

Ọ̀tá awò ìfojúsí ní Èkó kì í ṣe olè, bí kò ṣe ọ̀rinrin. Awò tí a fi sínú àpótí tí a dé pa láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án yóò bu bí búrẹ́dì tí ó pẹ́; ebu náà a ta okùn bí ti aláǹtakùn sáàárín awò, a sì jẹ àwọ̀ tí wọ́n kùn ún. Àpò kékeré agbomi tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun wúlò níbẹ̀, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀ràn, eruku ọyẹ́ sì jẹ́ iyanrìn lúbúlúbú. Ẹni tí ó bá fi etí agbádá nù ún ti fi iyanrìn ha awò náà. Rọ́bà tí à ń tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde ni kí a fi fẹ́ ẹ, kí a sì jẹ́ kí ìrì ara rẹ̀ gbẹ ní gbangba inú yàrá kí a tó dé e padà.